Bí ọmọ aṣíkiri ṣe lè du sikọ́láṣíìpù Paul àti Daisy Soros ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago àti ní Brooklyn ni sikọ́láṣíìpù yìí tọ́ sí, tí wọn ò sì mọ̀. Àwọn òbí wọn mọ̀ nípa owó yíyá fún ilé ìwé, wọ́n mọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dáadáa. Ṣùgbọ́n pé ẹnì kan ya owó sọ́tọ̀ fún aṣíkiri àti ọmọ aṣíkiri nìkan, kí wọ́n fi kàwé sí i lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, láìní san kọ́bọ̀ padà, ìyẹn kì í sábà dé etígbọ̀ọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú lè mọ ibi tí yóò ti mú un.

Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni Paul Soros àti Daisy ìyàwó rẹ̀. Júù ni ìdílé Paul, orí ló kó wọn yọ lọ́wọ́ àwọn Násì ní Budapest. Nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì tún dé, ó sá kúrò nílùú ní 1948, ó sì gba Amẹ́ríkà lọ. Ó kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Brooklyn, iṣẹ́ èbúté ọkọ̀ òkun ló sì sọ ọ́ di olówó. Ní 1997, tọkọtaya náà dá ètò yìí sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n pè ní ará Amẹ́ríkà tuntun. Paul kú ní 2013, ètò náà ò sì dúró.

30 èèyàn ni wọ́n ń mú lọ́dọọdún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà tó 90,000 dọ́là láàárín ọdún méjì: 25,000 dọ́là lọ́dún fún ilé gbígbé àti àtijẹ-àtimu, pẹ̀lú owó ilé ìwé tó lè tó 20,000 dọ́là lọ́dún. Àwọn tó ń du ipò 30 yìí lé ní 2,000. Àwọn tó ti gbà á rí kì í ṣe èèyàn kékeré mọ́ lónìí. Fei-Fei Li wà lára wọn, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tí àwọn òbí rẹ̀ ń fọ aṣọ fún oníbàárà ní New Jersey, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń dá ronú. Vivek Murthy, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Íńdíà wá, di olórí dókítà ìjọba Amẹ́ríkà. Pardis Sabeti, tí wọ́n bí ní Tehran, wà lára àwọn tó tú àbùdá kòkòrò Ebola wò ní 2014, òun náà sì ni ilé ìwádìí tó wà ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ̀ bóyá ó tọ́ sí ọ

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Àkọ́kọ́ ni ipò rẹ ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá bí ọ síbẹ̀, àfi kí wọ́n bí àwọn òbí rẹ méjèèjì sí òkèèrè, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bí wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kó wá, ó lè jẹ́ pé o ti di ọmọ onílùú, tàbí o ní green card, tàbí o wọlé gẹ́gẹ́ bí olùwá-ibi-ìsádi tí wọ́n sì gbà ọ́, tàbí o wà lábẹ́ DACA, ètò tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n kó wá ní kékeré láìní ìwé. Ẹni tó parí ilé ìwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì àti yunifásítì ní Amẹ́ríkà náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Lẹ́kọ́ọ̀ tàbí Ìlọrin kí ó wá ka máàsítà, kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dunni, màá sì sọ ibòmíràn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè lọ nígbà tí mo bá dé ìsàlẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí àwọn ará wa kì í fiyè sí. Kò pọn dandan kí dìgírì àkọ́kọ́ rẹ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Tí o bá ka ìwé jáde ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tí o sì bá òbí rẹ dé pẹ̀lú green card, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọ bí ó ṣe ṣí fún ẹni tí wọ́n bí sí Dallas.

Èkejì ni ọjọ́ orí. O kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 31 ní ọjọ́ tí wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kà. Ìṣègùn, òfin, PhD, okòwò, orin, àwòrán, iṣẹ́ ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà, tó bá ti jẹ́ dìgírì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ní yunifásítì Amẹ́ríkà, tí o sì máa fi gbogbo àkókò rẹ kà á. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì àti èyí tí èèyàn ń kà lẹ́yìn iṣẹ́ lálẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Tí o bá ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, o ò gbọdọ̀ tíì kọjá ọdún kejì. Ẹni tó wà ní ọdún ìkẹyìn dìgírì àkọ́kọ́ náà lè kọ ọ́, àní kí ilé ìwé tó gbà á rárá.

Òfin lè yí díẹ̀ láti ọdún kan sí èkejì, nítorí náà ka ojú ìwé wọn fúnra rẹ kí o tó fi ìka kan fọ́ọ̀mù. Má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ ní WhatsApp, títí kan ohun tí mo kọ síbí. Ọ̀fẹ́ sì ni fọ́ọ̀mù náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó kí òun lè bá ọ fi orúkọ sílẹ̀, gbájúẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ka oṣù sẹ́yìn

Ìgbà ìrúwé ni fọ́ọ̀mù máa ń ṣí, ní àyíká Oṣù Kẹrin, ìparí Oṣù Kẹwàá ni wọ́n sì ń tì í. Àkókò yẹn gan-an ni fọ́ọ̀mù ilé ìwé tí o fẹ́ lọ ń ká ọ lọ́wọ́, torí Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé PhD ń ti tiwọn. Ẹni tó bá dúró di Oṣù Kẹsàn-án yóò máa kọ àròkọ mẹ́fà pa pọ̀, ó sì máa hàn nínú gbogbo wọn. Bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà. Jẹ́ kí àwọn tó máa jẹ́rìí sí ọ ti gbọ́ kí Oṣù Kẹjọ tó parí, kí àròkọ rẹ àkọ́kọ́ sì ti wà lójú ìwé, bó ti wù kó burú tó, kí wọ́n tó wọlé ní yunifásítì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lọ jókòó ti àwọn òbí rẹ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti dúró pẹ́. Àròkọ méjì ni wọ́n ń béèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 1,000 ọ̀rọ̀ lọ. Èyí àkọ́kọ́ dá lórí ìrírí rẹ gẹ́gẹ́ bí aṣíkiri tàbí ọmọ aṣíkiri: báwo ló ṣe sọ ọ́ di ẹni tí o jẹ́, báwo ló sì ṣe kan ohun tí o ti gbé ṣe? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò lè dáhùn, kì í ṣe nítorí pé wọn ò gbọ́n, bí kò ṣe pé wọn ò mọ ìtàn náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bàbá kò sọ fún ọmọ pé òun sun orí àga ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun fún oṣù mélòó kan. Màmá kò sọ pé nọ́ọ̀sì ni òun nílé kó tó di pé òun ń wẹ àwọn arúgbó fún owó wákàtí. Ìtìjú wà níbẹ̀, àárẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ tó ti kọjá ti kọjá.

Nítorí náà ìwọ ni kí o lọ béèrè. Má ṣe é lórí àtẹ̀jíṣẹ́. Lọ sílé, tàbí kí o pè wọ́n ní ọjọ́ Sátidé tí wọn ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe dé ibí gan-an. Ọdún wo lẹ wọ bàálù? Ta ló wá gbé yín ní pápákọ̀ òfuurufú?" Wọ́n máa kọ́kọ́ ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ṣàlàyé fún wọn. Sọ iye owó rẹ̀ pàápàá, owó máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Lẹ́yìn náà, gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù tí wọ́n bá gbà fún ọ, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Ohun tí wọ́n máa sọ ní Yorùbá kò ní bá èyí tí wọ́n máa sọ ní Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba.

Béèrè nǹkan tí a lè fọwọ́ kàn. Irú físà wo ni? Ṣé nípa lọ́tìrì ni, kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn? Iṣẹ́ wo ni wọ́n fi sílẹ̀? Iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ rí? Ta ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń san owó orí? Ọjọ́ wo ni wọ́n búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú, kí ni wọ́n sì jẹ lọ́jọ́ náà? Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ padà sílé, kí ló sì dá wọn dúró?

Kí o sì gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí o tó kọ ọ́. Ìtàn wọn ni kó tó di tìrẹ. Ohun tó bá lè kó ẹnikẹ́ni nínú ilé sí wàhálà lọ́dọ̀ àwọn ìmígíréṣọ̀n, má kọ ọ́ rárá. Tí ìwé ẹnì kan kò bá tíì tọ́, bá lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kọ àròkọ àkọ́kọ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ rèé, tí a bá sọ ọ́ ní èdè wa: "Alápọn ni àwọn òbí mi. Wọ́n fi ohun gbogbo sílẹ̀ kí ayé mi lè dára. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ìforítì." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ gbogbo èèyàn ni. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ti ka irú rẹ̀ láti ọwọ́ ọmọ Kòríà, ọmọ Haiti àti ọmọ Gánà kó tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ká ní ọmọ kan tó fẹ́ ka PhD lórí bátìrì ló ń kọ ọ́. Ó lè kọ báyìí: "Ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ni bàbá mi kà ní Ìbàdàn. Ní Houston, takisí ló ń wà lóru. Tó bá dé ní aago márùn-ún ìdájí, kì í sùn. Fáànù tí aládùúgbò kan ti sọ nù ni yóò tú palẹ̀ sórí tábìlì kíṣìnì, á ní kí n bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo ti mọ ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú fáànù kí n tó mọ tábìlì ìsọdipúpọ̀." Nínú gbólóhùn márùn-ún yẹn, a ti mọ bàbá, a ti mọ ohun tó sọnù, a sì ti rí ibi tí iṣẹ́ ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò yin ẹnikẹ́ni, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún àánú.

Ìwọ̀n kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá gbé tiwọn wá: tí ìtàn òbí bá ti gba ju ìdajì àròkọ lọ, ó ti pọ̀ jù. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ mú. Ẹ̀kọ́ ilé sì ti kọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwùjọ, torí náà àwọn ọmọ wa máa ń kọ "a ṣe èyí", "wọ́n fún mi láǹfààní láti ṣe ìyẹn". Níbí, kọ "mo". Mo dá a sílẹ̀. Mo kọ ètò kọ̀ǹpútà náà. Mo kó 40 ọmọ jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ń kọ́ wọn ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé. Tó bá ti jẹ́ òótọ́, kì í ṣe ìgbéraga. Lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn ń wá ni àtinúdá, ìdánúṣe, àti àṣeyọrí tó ń bá a lọ láti ọdún dé ọdún. Wọn ò lè rí i tí o bá fi pamọ́ sábẹ́ "a".

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àròkọ kejì

Èyí rọrùn díẹ̀. Kí lò ń ṣe báyìí, kí lo fẹ́ ṣe láìpẹ́, kí sì nìdí tó fi jẹ́ ilé ìwé yìí àti ẹ̀kọ́ yìí? Dárúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí o fẹ́ bá ṣiṣẹ́, yàrá ìwádìí tàbí kílíníìkì tí wọ́n ní níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Má kọ pé o fẹ́ yí Áfíríkà padà. Tó bá jẹ́ ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní Baltimore ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan náà bá ka àròkọ méjèèjì, kí ó lè rí okùn tó so wọ́n pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn tó máa jẹ́rìí sí ọ

Lẹ́tà mẹ́ta ni dandan, o sì lè fi méjì kún un. Ọjọ́ tí wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù ni lẹ́tà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ti wọlé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lókìkí tí kò mọ orúkọ rẹ kò lè ṣe ọ́ láǹfààní tó olùkọ́ kékeré tó bá ọ jókòó nínú yàrá ìwádìí fún ọdún méjì. Pásítọ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kọ́ ni kó kọ ọ́, àfi tó bá jẹ́ pé ìwọ àti ẹni náà jọ ṣiṣẹ́ tí èèyàn lè rí.

Bí o bá ń bẹ ẹnì kan, bi í ní tààrà bóyá ó lè kọ lẹ́tà tó lágbára fún ọ. Tó bá ń fà sẹ́yìn, dúpẹ́, kí o sì wá ẹlòmíràn. Fún ẹni tó bá gbà ní CV rẹ, àròkọ rẹ bó ṣe wà, àti ìwé kékeré kan tí o kọ nǹkan mẹ́rin sí tí o fẹ́ kó rántí. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ilẹ̀kùn tó tì, rán an létí. Àwọn ọmọ wa máa ń rò pé ìránnilétí jẹ́ àìlẹ́kọ̀ọ́ sí àgbà, wọ́n á dákẹ́, lẹ́tà náà kò sì ní wọlé. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń retí pé kí o rán wọn létí.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé àti orúkọ

CV rẹ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ. Tí o bá ka ìwé ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ transcript láti Oṣù Kẹfà, torí ó lè pẹ́ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ṣèlérí. Ṣe é pẹ̀lú ẹnì kan tó wà nílé tó lè lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀.

Wo orúkọ rẹ lórí gbogbo ìwé. Adéwálé Olúwaṣeun lórí ìwé ẹ̀rí WAEC, Seun Adewale lórí green card, orúkọ bàbá bàbá ní àárín lórí páàsìpọ́ọ̀tù: lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó ń ṣètò ìwé, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Lo orúkọ tó wà lórí ìwé ìjọba Amẹ́ríkà níbi gbogbo, kí o sì ní ìwé ìbúra sílé tó ṣàlàyé àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: tí wọ́n bá pè ọ́

Nǹkan bíi 77 ni wọ́n ń pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn tó ti gba sikọ́láṣíìpù náà rí wà lára àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí o kọ ni wọ́n máa mú lọ́wọ́, nítorí náà ka àròkọ rẹ léraléra títí o fi lè dáhùn ìbéèrè lórí gbogbo gbólóhùn rẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀kọ́ rẹ bi ọ́ ní ohun tí o ń ṣe. Tí kò bá yé e, kò tíì yé ìwọ náà tó. Wo ojú wọn nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé nílé, ọmọ tó ń tẹjú mọ́ àgbà ni à ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹni tó ń wo ilẹ̀ ni wọ́n á rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Ìgbà ìrúwé ni orúkọ àwọn 30 náà ń jáde. Tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, rántí owó orí. Apá tó lọ sí owó ilé ìwé kì í ní owó orí, apá tí o fi ń jẹun tí o fi ń san ilé ní. Wọn kì í sábà yọ ọ́ ṣáájú, torí náà ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, kí IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, má baà bá ọ lójijì ní Oṣù Kẹrin.

Tí kò bá bọ́ sí i

O lè tún kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, tí ọjọ́ orí àti ọdún ẹ̀kọ́ rẹ bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbà á ní ẹ̀ẹ̀kejì. Má rán àròkọ àtijọ́ padà. Gbé ohun tí o ti ṣe láti ìgbà náà wọ inú rẹ̀.

Tí o bá ní green card tàbí o jẹ́ ọmọ onílùú, tí ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ni tìrẹ, du GRFP pẹ̀lú, ìyẹn sikọ́láṣíìpù ti NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ẹni tó bá rí i. Fún ẹni tó ní físà akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó ṣì wà ní Nàìjíríà tàbí Benin, Knight-Hennessy ní Yunifásítì Stanford kì í wo orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti wá. Wọ́n ń mú tó 100 èèyàn lọ́dún kan, ṣùgbọ́n dìgírì àkọ́kọ́ rẹ kò gbọdọ̀ ti ju ọdún méje lọ, o sì gbọ́dọ̀ du àyè ní ẹ̀kọ́ kan ní Stanford lọ́tọ̀. Tètè ṣe é, torí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń tì í.

Ẹni tó ti lé ní 30 tó ní dìgírì láti ilé, tó ń ṣọ́ ilé ìtajà nígbà tó jẹ́ pé oníṣirò owó tàbí ẹnjiníà ni, kí ó kàn sí Upwardly Global. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń ran àwọn aṣíkiri tó ti kàwé lọ́wọ́ láti tún CV wọn kọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀, láti mọ ìwé àṣẹ tí iṣẹ́ wọn nílò, àti láti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Kí ó fún wọn ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì bi wọ́n léèrè bóyá ìpínlẹ̀ tó ń gbé ń fẹ́ kí àjọ kan bíi WES kọ́kọ́ yẹ dìgírì náà wò, torí iye oṣù tí ìyẹn máa gbà ló máa sọ ìgbà tí yóò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.